Ejẹ́ǹtì Tí Mò Ń Sá Fún Nítorí Kọmíṣàn

Àìmẹ́nu, àìmétè ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹnu tèmi ló kó bá mi lọ́jọ́ tí a fi ìpìlẹ̀ ilé mi lélẹ̀ ní Ìṣẹ̀rì Olówóra. Pásítọ̀ ti gbàdúrà tán, a ti pín bisikíìtì àti míníra, wọ́n wá ní kí onílé sọ̀rọ̀. Mo tọ́ka sí ejẹ́ǹtì tó bá mi wá ilẹ̀, mo ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn ló ni iṣẹ́ yìí. Bí kì í bá ṣe tiwọn, búlọ́ọ̀kù kan ò ní í dúró níbí." Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Bí a ṣe ń dúpẹ́ nílé wa nìyẹn. Bí o bá bu omi fún ìyá mi mu, wọn á ní ìwọ lo gba ẹ̀mí àwọn là.

Lóòótọ́, ilẹ̀ ni ọkùnrin náà bá mi wá, mo sì ti san kọmíṣàn rẹ̀ lórí ilẹ̀ pé. Ìgbà tó yá ni mo bi í bóyá ó mọ bíríkìlà gidi, ó sì júwe ọ̀kan fún mi. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò dárúkọ owó.

Nígbà tí mo ròyìn ọjọ́ náà níbi iṣẹ́, tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan tó ti kọ́lé sí ẹ̀yìn Magodo fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní ejẹ́ǹtì tó mú bíríkìlà wá fún òun gba kọmíṣàn lórí odidi ilé, láti ìpìlẹ̀ dé ọ̀dà. Ó ní, "Ìwọ wá fẹnu ara ẹ sọ níwájú pásítọ̀ pé òun ló ni iṣẹ́. Dúró dè é."

Owó tó kù lọ́wọ́ mi, ti yàrá ìsàlẹ̀ ni, yàrá tí mò ń kọ́ fún ìyá mi. Orúnkún wọn ò gba àtẹ̀gùn mọ́, láńlọ́ọ̀dù wọn ní Kétu sì ti fún wọn ní nótíìsì pé kí wọ́n kó jáde. Bí ejẹ́ǹtì bá gba ìdámẹ́wàá owó ilé lọ́wọ́ mi, yàrá yẹn ò ní í nílẹ̀kùn, kò ní í ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Níbo ni màá wá kó ìyá mi sí?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Ọ́fíìsì ejẹ́ǹtì jẹ́ kọntéénà kan létí títì ní Ìkòsì, iwájú rẹ̀ gan-an ni mo máa ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Mo pa ọ̀nà yẹn tì, mo ń gba ẹ̀yìn Mile 12, níbi tí oje tòmátò tó ti rà ń ba bàtà mi jẹ́ láràárọ̀. Èmi, tíṣà àgbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń sá fún. Ó pè mí lórí fóònù, mi ò gbé e. Ó tún pè, mo dojú fóònù bolẹ̀. Nígbà tó yá, mo tilẹ̀ ń bínú sí i bí ẹni pé ó ti jà mí lólè.

Lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n ń kan páànù, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi. Kò síbi tí mo lè gbà sá. Ó kí mi, ó béèrè ìyá mi, ó nu orí búlọ́ọ̀kù kan, ó jókòó. Mi ò jẹ́ kó sọ tiẹ̀.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mo mọ ohun tẹ́ ẹ bá wá. Owó tó kù, ti yàrá màmá mi ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé ná, màá máa san kọmíṣàn yín díẹ̀díẹ̀."

Ó ní, "Kọmíṣàn èwo, Aunty? Ilẹ̀ ni mo bá yín rà, ẹ sì ti fún mi ní tèmi. Ilé yìí, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Ta ni mo tà á fún?"

Mo bi í pé kí ló wá ń pè mí fún. Ó sọ fún mi, mo sì ń wá ibi tí màá fojú sí. Òun náà ni láńlọ́ọ̀dù ìyá mi ní kó bá òun wá ayálégbé tuntun. Ayálégbé ti wà nílẹ̀ tipẹ́, owó sì ti wà lọ́wọ́ onítọ̀hún, ṣùgbọ́n ejẹ́ǹtì ń bẹ láńlọ́ọ̀dù pé kó ṣe sùúrù títí ilé wa á fi ní òrùlé.

Ó ní, "Ìgbà tí màmá máa kó ni mo fẹ́ bi yín, kí n lè mọ ohun tí màá sọ fún bàbá yẹn."

Kọmíṣàn tirẹ̀ ló ń sún síwájú nítorí ìyá mi, èmi sì ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú oje tòmátò kí n má bàa rí i. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n kí n má parọ́, ìtura ló pọ̀ jù. Mo jókòó sórí iyanrìn pẹ̀lú aṣọ tó wà lọ́rùn mi. Mo ní kó fún wa ní oṣù kan, ó ní ìyẹn ti tó.

Oṣù náà ò tíì pé tí ìyá mi fi wọlé. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n tì í, wọ́n tún ṣí i, wọ́n wá bi mí bóyá ẹnì kan ṣì lè wá sọ pé òun fẹ́ gba yàrá òun padà. Mo ní kò sẹ́ni náà. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní kí n bá àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ ejẹ́ǹtì, kí n sọ fún un pé òun ló ni ilé yìí.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo gba iwájú kọntéénà lọ síbi iṣẹ́. Mo dúró, mo sì jíṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán mi gan-an.