Bàbá Osman àti Ẹgbẹ́ Ẹtù Tàmálè

Bí ẹ bá dé àdúgbò Tishigu ní Tàmálè lónìí tí ẹ ní ẹ ń wá ilé olóògbé Bàbá Osman tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, wọn ò ní júwe ilé fún yín títí wọ́n á fi kọ́kọ́ sọ ti ọjọ́ tó fi oríkì da eré bọ́ọ̀lù rú.

Ẹgbẹ́ Ẹtù Tàmálè ló ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà, bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tí àwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní básíkẹ́tì. Eré ti fẹ́ parí. Àlejò fi díẹ̀ báyìí ṣíwájú, wọ́n wá gbé bọ́ọ̀lù lé Ọpẹ́mipọ̀ lọ́wọ́ pé kó dúró sídìí ìlà kó jù ú sápẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹnikẹ́ni má dí i lọ́wọ́. Bí méjèèjì bá wọlé, wọ́n á di ọgbọọgba. Ọmọ Yorùbá àdúgbò Moshie Zongo ni Ọpẹ́mipọ̀, ó ga bí òpó iná, ìyá bàbá rẹ̀ ló sì tọ́ ọ dàgbà. Gbogbo pápá pa rọ́rọ́. Ìgbà yẹn ni Bàbá Osman dìde láàárín èrò, ó fọwọ́ di etí kan, ó gbé ohùn sókè:

"Àjàní o! Àjàní ọmọ aríre-lọ́nà-jíjìn! Ọmọ ẹni tó ru ẹrù láti Ọ̀fà dé ilẹ̀ Dagbọ́n tí ọrùn ò yẹ̀! Ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí í fo odò bí ẹni fo ìloro!"

Háà! Ìyá àgbà ti kọ́ ọmọ yìí pé bí àgbàlagbà bá ń ki ọ, dọ̀bálẹ̀ ná, ohun yòówù kó wà lọ́wọ́ rẹ. Ọpẹ́mipọ̀ rọra gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó na gbalaja sórí ìlà, ó fàyà lélẹ̀ pátápátá. Rẹfirí tó ti ìlú Àkárà wá ò gbọ́ Yorùbá, ó rò pé ọmọ náà dákú ni. Ó fọn fèrè. Àwọn onítọ̀ọ́jú gbé àkéte sáré wọlé, wọ́n gbé e, ọmọ náà ṣì ń wí lórí àkéte pé, "Ẹ ṣé o, Bàbá." Ọ̀kan nínú àwọn àlejò ti rò pé àsìkò ìrun ló tó, ó ń bi ẹgbẹ́ rẹ̀ pé apá ibo ni gábásì tí wọ́n á kọjú sí wà.

Kí wọ́n tó yanjú ẹ̀, àkókò tí òfin fún un láti ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ti kọjá. Wọ́n ní kó ju èkejì. Ṣùgbọ́n orí ọmọ ti wú. Bọ́ọ̀lù fò kọjá apẹ̀rẹ̀, ó fò kọjá pátákó, ó lọ bọ́ sínú ọpọ́n ìyá kan tó ń ta ẹ̀pà.

Nígbà tí Bàbá Osman délé, ìyàwó rẹ̀, Bàríkísù, tó máa ń fi orúkọ ọmọ wọn pè é, ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Ummuhani, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ jẹ́ ká pàdánù."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo Tishigu."

Bàbá Osman bọ́ fìlà, ó jókòó. "Oríkì yẹn ló kúrú," ó ní. "N kò tíì dé ibi tó dùn."

Bàríkísù wò ó. Kò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín ni tàbí kóun sunkún. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn láti ìgbà tó ti fẹ́ ẹ.

Kó lè yé yín, ẹgbẹ́ Ẹtù ti gbayì rí. Wọ́n ti gba ife, wọ́n gbé e yí ìlú ká. Lẹ́yìn náà ni alájì tó ni ẹgbẹ́ ta gbogbo àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá, ó kó ọ̀dọ́ wọlé, ó ní àwọn ń tún ẹgbẹ́ kọ́ láti ìpìlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Ẹtù ò rí ẹnikẹ́ni nà mọ́. Alájì náà bínú, ó kéde lórí rédíò pé bí wọn ò bá borí ẹyọ kan péré nílé kí sáà yìí tó parí, òun á kó ẹgbẹ́ lọ sí Kùmásí. Ọ̀rọ̀ yìí wọ Bàbá Osman lára bí ọyẹ́. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ lòun ti ń lọ wò wọ́n. Ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kóun wà láàyè kí wọ́n máa wá Ẹtù lọ sí Kùmásí. Láti ìgbà náà, kò sí kẹ̀kẹ́ tó ń tún ṣe tí kì í ronú ẹgbẹ́ mọ́ ọn. Ẹlòmíràn gbé kẹ̀kẹ́ wá pé ṣéènì já, ó gba táyà tuntun lọ sílé.

Ohun tí kò yé Bàríkísù ni àtúnkọ́ yìí.

"Wọ́n ta àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ẹgbẹ́ lè dára?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bàbá Ummuhani, bí mo bá ta ìkòkò mi, ṣé ọbẹ̀ mi á dùn sí i?"

"Haba! Ìwọ náà wò ó. Ẹtù kì í sàba dáadáa. Abẹ́ adìẹ la máa ń kó ẹyin rẹ̀ sí. Ẹyin làwọn ọmọ wọ̀nyí. À ń dúró kí wọ́n pa ni."

"Ta wá ni adìẹ?"

Bàbá Osman ronú lọ, ó ronú bọ̀. "Kóòṣì ni."

Ọjọ́ náà ò tíì rọ̀ tí ọ̀rọ̀ fi dé etí Kóòṣì Helen pé Bàbá Osman pe òun ní adìẹ.

Helen ló ń kọ́ àwọn ọmọ náà ní bọ́ọ̀lù. Yorùbá ni òun náà, ọmọ káfíńtà kan nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ó gun alùpùpù rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, kò tilẹ̀ bọ́ akoto.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Wọ́n ní adìẹ ni mí."

"Adìẹ tó ń sàba ni mo wí. Èwo ni tìbínú? Jókòó. Bàríkísù, fún un lómi."

Helen jókòó kó lè jà dáadáa. Ìgbà tó máa dìde, ó ti gbàgbé ìjà, ó ti gbà kí wọ́n so ríìmù ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ọmọdé mọ́ igi dóńgóyárò tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù.

Àlàyé Bàbá Osman ni pé bí apẹ̀rẹ̀ ìdánrawò bá kéré, ọjọ́ eré, apẹ̀rẹ̀ pápá á rí bí ẹnu kànga lójú wọn. Kò burú. Àwọn ọmọ dé. Zakaria, ọ̀gá wọn, tó ga jù wọ́n lọ, fò sókè ó fi agbára ki bọ́ọ̀lù bọ ríìmù. Bọ́ọ̀lù há síbẹ̀. Ó fà á, kò wá. Ó rọ̀ mọ́ ọn, ó ń mì bí àdán. Ni ẹ̀ka igi bá ya, ríìmù, bọ́ọ̀lù àti Zakaria bá já lu kẹ̀kẹ́ tí Lémọ́mù gbé wá pé kí wọ́n fi atẹ́gùn sí.

Lémọ́mù ò sọ̀rọ̀ burúkú. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó gbàdúrà fún ẹgbẹ́ náà ní gbangba, pé kí Ọlọ́run sin wọ́n dé Kùmásí láyọ̀.

Ẹ rò pé Bàbá Osman á sinmi? Ó sọ fún Bàríkísù pé òun ti rí ibi tí àìsàn wà: àwọn ọmọ náà ò mọ nǹkan án pín. Ẹni tó bá gba bọ́ọ̀lù, ó di tiẹ̀.

"Se òkèlè túó," ó ní, "kí o sì pa ẹtù kan sí i."

"Ẹtù ni kí n pa fún Ẹtù?"

"Inú abọ́ kan ni kó wà. Kí ẹran má ká ẹnu wọn."

"Kí àlejò wá sílé mi kí ẹran má tó? Bàbá Ummuhani, ẹ fẹ́ ba orúkọ mi jẹ́!"

Ṣùgbọ́n ó sè é. Àwọn ọmọ jókòó yí abọ́ ká, orúnkún wọn kún gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá Osman àti Helen fara pamọ́ sẹ́yìn kọ́tìnnì, wọ́n ń yọjú. Zakaria mú itan kan, ó tún mú èkejì. Ẹnìkan gbé igbáàyà. Ọpẹ́mipọ̀ nìkan ló ń fa ẹran ya, tó ń fi síwájú àwọn tó kù, títí ó fi ku ọrùn fún un. Bàbá Osman fi ìgbọ̀nwọ́ gbá Helen.

"O rí i? Ẹni tó bá lè pín ẹran ló lè pín bọ́ọ̀lù. Òun ni kí o fi eré lé lọ́wọ́."

"Bàbá, mi ò tíì gbọ́ irú ẹ̀ rí láyé mi."

"Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń nà yín."

Ọ̀ràn ti dójú ẹ̀ fún Helen náà. Ó gbìyànjú ẹ̀. Ní Sátidé, Ọpẹ́mipọ̀ ló darí eré. Ó pín bọ́ọ̀lù fún Zakaria, ó pín in fún ẹni tó wà lọ́tùn-ún, ó pín in fún ẹni tó wà lósì, ó sì pín in fún ọ̀kan nínú àwọn àlejò. Onítọ̀hún sáré lọ jù ú sápẹ̀rẹ̀.

"Ọpẹ́mipọ̀! Kí nìyẹn?" Helen figbe ta.

"Mà, ó nawọ́ ni. Ojú ẹ̀ sì ṣe mí láàánú."

Ọjọ́ náà ni ẹ̀jẹ̀ Bàbá Osman ru. Dókítà wọn ọ́n lápá, ó mi orí, ó ní kó má wo bọ́ọ̀lù Ẹtù mọ́. Bàríkísù ní ṣé gbogbo bọ́ọ̀lù ni. Dókítà ní rárá, ó lè wo ti ẹgbẹ́ mìíràn, àwọn tó máa ń borí.

Báyìí ni eré ìkẹyìn sáà dé. Bí wọ́n bá pàdánù eléyìí, Kùmásí yá. Bàbá Osman ní òun kò ní wò ó, ṣùgbọ́n dókítà ò sọ pé kóun má jókòó. Ó gbé àpótí sẹ́yìn ògiri pápá, ó kẹ̀yìn sí eré, ó wá ní kí Bàríkísù máa fi ojú ihò búlọ́ọ̀kù wò, kó máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fóun. Obìnrin tí kò tíì wo bọ́ọ̀lù rí.

"Kí ni wọ́n ń ṣe?"

"Wọ́n ń sáré."

"Síbo?"

"Síbẹ̀ yẹn. Wọ́n tún ti ń sáré bọ̀. Bàbá Ummuhani, kí ló dé tí wọn ò dúró síbi kan?"

"Ta ló mú bọ́ọ̀lù?"

"Ọmọ gíga kan."

"Gbogbo wọn ló ga, Bàríkísù!"

"Ẹ má pariwo, ẹ̀jẹ̀ yín. Ó ti jù ú. Ó wọlé!"

"Tiwa ni?"

"Àwọn ènìyàn ń fò."

"Àwọn ènìyàn wa?"

"Ènìyàn ni wọ́n, ṣé mo mọ̀ wọ́n nílé ni? Wọ́n fọn fèrè, wọ́n ti dúró... Helen jókòó sílẹ̀, ó fọwọ́ bojú."

Bàbá Osman di àpótí mú. "Ó ti parí. Kùmásí ni."

"Ó tún dìde. Ó ń jó. Ó ń fi akoto alùpùpù lu rẹfirí... rárá o, ó dì mọ́ ọn ni. Zakaria ti gbé Ọpẹ́mipọ̀ sọ́rùn. Ṣé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn bí wọ́n bá pàdánù?"

Bàríkísù yí padà. Ọkọ rẹ̀ ti ṣí fìlà, ó fi bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Bàríkísù jókòó tì í lórí àpótí náà, ó fọwọ́ lé e lẹ́yìn, kò sì mọ ẹni tó borí títí àwọn ọmọ fi tú jáde tí wọ́n ń kígbe pé Ẹtù ti borí, pé Ẹtù ò lọ síbì kankan.

Ẹ bi Bàbá Osman ohun tó jẹ́ kí wọ́n borí. Ó sọ fún alápatà pé túó ni. Ó sọ fún Lémọ́mù pé àdúrà ni, Lémọ́mù sì yára wolẹ̀. Ó sọ fún àwọn ará àdúgbò Jisonayili pé atẹ́gùn ló fẹ́ dáadáa. Helen fúnra rẹ̀ ní, "Bàbá, kí n má purọ́, èmi gan-an ò mọ̀."

Ọyẹ́ tó tẹ̀lé e ni Bàbá Osman kú, lórí ẹní ìrun, wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí àwọn Ẹtù wá kí opó, gbogbo wọn ló fi orí gbá àtẹ́rígbà, lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹni tó wà níwájú ò rántí kìlọ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Láàárín ẹkún, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Bàríkísù. Àwọn obìnrin tó yí i ká rò pé ìbànújẹ́ ti yí i lórí, wọ́n tún wá di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin.

Ẹtù ṣì wà ní Tàmálè. Wọn ò tíì fi bẹ́ẹ̀ dára. Wọ́n á borí ọ̀kan, wọ́n á pàdánù mélòó kan. Tó bá di Sátidé, Bàríkísù á da ìborùn borí, á lọ jókòó sínú pápá, níwájú pátápátá. Lọ́jọ́ kan, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, Helen wá kúnlẹ̀ kí i.

"Ìyá, ṣé eré yìí ti ń yé yín díẹ̀díẹ̀?"

"Kò yé mi rárá."

"Kí ló wá ń gbé yín wá?"

Bàríkísù tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Ó wo àwọn ọmọ tó ń fò káàkiri níwájú rẹ̀.

"Helen, gbogbo ọdún tí mo lò nílé Bàbá Ummuhani, òun náà ò yé mi. Ṣé mo kúrò níbẹ̀ ni?"

Wọ́n fọn fèrè, eré bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí bọ́ọ̀lù kan fi wọ apẹ̀rẹ̀ ṣìì. Bàríkísù fò dìde, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń fi ìdí jó, inú rẹ̀ dùn gan-an. Àlejò ló jù ú wọlé. Helen wò ó, ó gbé ìwé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, òun náà bá a pàtẹ́wọ́.