Ìyá Inú Fíìmù Jámánì

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ọmọ mi obìnrin gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sí pálọ̀ wa ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ní kí n wá bá òun wo fíìmù kan tí wọ́n ní kí wọ́n wò ní yunifásítì. Fíìmù àwọn ará Jámánì ni, dúdú òun funfun, láti ìgbà tí sinimá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Kò pè mí wo nǹkan iṣẹ́ rẹ̀ rí. Mo sì ti ń ṣọ́ ọ: òórùn ata díndín ń lé e jáde ní kíṣìnnì, kì í sì í bọ́ kóòtù nínú ilé mọ́. Mi ò béèrè. Ẹ̀rù ń bà mí pé yóò dáhùn.

Bí fíìmù ṣe bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wọlé, láti àsàlátù. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Àárín èmi àti ọmọ ni wọ́n jókòó sí. Wọn ò mú awò ojú wọn dání, wọn ò lè ka Gẹ̀ẹ́sì tó ń jáde nísàlẹ̀ àwòrán, ni wọ́n bá ní kí ọmọ máa túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn.

"Ó gùn gan-an, Bíìgì Mọ́mì."

"Ṣé mo ní mò ń sáré ni? Èdè wọn yìí le bí eegun. Kà á."

Ọmọbìnrin inú fíìmù náà ń ṣiṣẹ́ ìfọṣọ. Ó lóyún láìròtẹ́lẹ̀, dókítà sì ní òfin ò gba òun láyè láti bá a ṣẹ́ ẹ. Ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ìyá rẹ̀.

"Kí ló wí?"

Ọmọ mi kà á. "Ó ní, 'Mọ́mì, mo lóyún.'"

Yorùbá ẹnu rẹ̀ kò dá ṣáká tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Hẹ̀n-ẹ́n! Wo ọmọ! Bó bá jẹ́ nílé tèmi ni, ìta ló máa sùn. Kí ni ìyá ẹ̀ wá sọ?"

Ọmọ mi dá fíìmù dúró. Èmi ló ń wò, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. "Kò tíì sọ nǹkan kan."

Bí mo bá lanu níṣojú wọn, kí wọ́n tó délé ni gbogbo mọ̀lẹ́bí yóò ti gbọ́, títí dé Ìbàdàn. Mo bá fi ojú sọ fún un pé: dúró ná, kí wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n ojú kan náà ni mo fi ń bá a wí níwájú àlejò láti kékeré, ohun kan ṣoṣo ló sì mọ̀ ọ́n sí: o ti dáràn, jẹ́ kí àlejò lọ. Mo rí i bí ara rẹ̀ ṣe rọ̀ wọ̀ọ̀. Mi ò lè pe ojú náà padà.

Ó dìde. Kóòtù ti wà lọ́rùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. "Ó dàbọ̀, Bíìgì Mọ́mì. Mo fẹ́ lọ wọ bọ́ọ̀sì."

Èmi náà dìde.

"Jókòó, ìyàwó wa. Ṣé ọmọ ọwọ́ ni, tí o fẹ́ sìn ín? Wá ka ìyókù fún mi."

Ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ pa dé. Mo tẹ kọ̀ǹpútà. Ìyá inú fíìmù lanu, mo sì kà á: "Ó ní, 'Wọlé, ọmọ mi. Òtútù ń mú ẹ.'"

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pòṣé. "Irú wọn ló ń ba ọmọ jẹ́."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."