Yìnyín Sóbò Nínú Omi Oníyọ̀

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí ṣẹlẹ̀ lójú mi. N kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un, n kò sì yọ ọ̀kan kúrò, àyàfi pé ẹ̀ka èdè Ìgbómìnà ni ìyá ìyá mi fi sọ tirẹ̀, mo sì ti yí i sí èyí tí ìwọ náà yóò lè kà láìṣòro. Òórùn ni mo kọ́kọ́ ń rántí. Ní ẹ̀yìn ilé wa ní Òmù-Àrán, ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ṣíníọ̀, òórùn ìṣápá tó ń hó pẹ̀lú atalẹ̀ àti èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni a máa ń jí sí. Ìyá ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àgbà, ni ó ń se é. Sóbò ni ó ń tà. Yóò sẹ́ ẹ, yóò po ṣúgà sí i, yóò bù ú sínú ọ̀rá kéékèèké, yóò sì tò ó sínú fíríìsà kan tí ìdí rẹ̀ ti dípẹtà. Bí iná bá ṣe dáadáa, ilẹ̀ yóò mọ́ bá ọ̀rá kọ̀ọ̀kan ní dídì gbagidi bí òkúta pupa. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ a máa fi eyín ya igun rẹ̀, wọn a sì máa fà á mu títí dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì.

Olùkọ́ jọ́gíráfì wa ní ọdún náà jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń ti Rore wá lórí ọ̀kadà láràárọ̀. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ fún wa pé òun kò tí ì fi ojú kan òkun rí, síbẹ̀ bí ó bá ń sọ̀rọ̀ nípa òkun, kò sí ẹni tí í yíjú síta. Ó sọ fún wa nípa pẹpẹ yìnyín, ìyẹn yìnyín tó nípọn bí òkè, tó na ara rẹ̀ láti orí ilẹ̀ jáde sójú òkun ní ìpẹ̀kun ayé níhà gúúsù, tí omi òkun sì ń rìn lábẹ́ rẹ̀. Ó ní láti agbègbè náà ni omi tó tutù jù lọ ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ òkun, tí yóò sì máa wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ sí ọ̀nà jíjìn káàkiri ayé. Ó wá gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó ní, "Ẹni tó bá lè fi ohun èlò ilé rẹ̀ ṣe é kí a fi ojú rí i, òun ni yóò ṣojú wa níbi ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní Ìlọrin."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìdí tí ọ̀rọ̀ yẹn fi gún mi lọ́kàn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ṣojú ilé ẹ̀kọ́ kan náà nígbà méjì, àwòrán rẹ̀ méjèèjì sì wà lára ògiri pálọ̀ wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà ìjọ. Kò sí tèmi níbẹ̀. Bí àlejò bá wọlé, wọn a wo ògiri, wọn a béèrè ọ̀mọ̀wé inú àwòrán, wọn a sì ní kí n lọ bu omi wá. Mo fẹ́ kí wọ́n béèrè mi lẹ́ẹ̀kan.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo yá rọ́bà ńlá kan tó mọ́ gaara lọ́wọ́ obìnrin aládùúgbò wa tó ń ta ṣínṣín. Mo pọn omi láti inú kànga, mo dà á sí i, mo jẹ́ kí ó pa rọ́rọ́, mo wá bọ́ ọ̀rá kúrò lára yìnyín sóbò kan, mo gbé e lé ojú omi ní igun kan. Màmá Àgbà yọjú láti ìdí ààrò.

"Àbẹ̀kẹ́, ṣé ọjà mi lo fi ń wẹ̀ yẹn?"

"Màmá, ẹ̀kọ́ ni o."

"Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń lá!"

Ṣùgbọ́n ó sún mọ́ tòsí. Omi pupa tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú yọ láti abẹ́ yìnyín náà, ó sọ̀ kalẹ̀ tààrà, ó kan ìsàlẹ̀ rọ́bà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ sí igun kejì. Màmá Àgbà kúnlẹ̀ kí ó lè rí i dáadáa. Ó ní, "Wò ó bó ṣe ń yọ́ lọ bí ológbò tó jí ẹja." A jọ wò ó títí tí gbogbo ìsàlẹ̀ fi pọ́n. N kò lè gbàgbé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà: eérú lára ìró rẹ̀, èékánná rẹ̀ tí ìṣápá ti pa láró, àti èmi tó ń rí àwòrán ara mi lára ògiri.

Ìmọ̀ àṣejù ni ó kó bá mi. Nígbà tí mo gbé rọ́bà náà dé kíláàsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo rò ó pé omi òkun níyọ̀, pé yóò sì wu olùkọ́ bí tèmi bá níyọ̀ pẹ̀lú. Láìdán an wò tẹ́lẹ̀, mo da ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ mẹ́rin sínú omi, mo rò ó títí tó fi mọ́. Mo gbé yìnyín lé e. Mo ní kí gbogbo ojú máa wo ìsàlẹ̀. Gbogbo ojú wo ìsàlẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Omi pupa náà tẹ́ pẹrẹsẹ sójú omi bí epo, kò rì, kò mì.

"Ẹ bá mi wá ẹ̀kọ, ọbẹ̀ ti jiná!" ni ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn.

"Òkun Òmù-Àrán rèé! Òkè ni ìsàlẹ̀ tirẹ̀ wà."

Olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ wa lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán, kí n lọ wò ó bóyá mo lè tún un ṣe. Bí ó ti jáde ni ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó da omi oníyọ̀ náà nù, ó sáré pọn tuntun ní táǹkì, ó ní, "Kò sí ẹni tí yóò tọ́ ọ wò. Pa ẹnu mọ́." Mo pa ẹnu mọ́. Ọ̀gá àgbà dé, obìnrin ńlá tó máa ń rọra sọ̀rọ̀. Mo gbé yìnyín kejì tí mo mú wá lé ojú omi. Omi pupa sọ̀ kalẹ̀, ó wọ́ lọ gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe nílé. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Ó mà dára o. Bí omi òkun ṣe ń ṣe gan-an nìyí?"

Ọ̀rẹ́ mi fún mi ní èékánná lápá. Mo gbọ́ tí ẹnu mi ń wí pé, "Rárá, mà. Omi táǹkì ni. Nígbà tí a fi iyọ̀ sí i, kò rì."

Ọmọkùnrin tó ya àwòrán òkun sórí páálí ni wọ́n mú láti lọ sí Ìlọrin.

Mo sunkún dé ilé. Màmá Àgbà wò mí, ó ní, "Kí ló dé tí ojú rẹ pọ́n bí ọjà mi?" Mo ṣàlàyé. Kò sọ pé mo ṣe rere, kò sì sọ pé mo gọ̀. Ó na sóbò dídì kan sí mi. Mo fà á mu títí tó fi ku ìdajì, mo wá ráhùn pé ó ti di omi lásán, kò dùn mọ́. Nínú ọ̀rá, yìnyín tó kù ti funfun.

"Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí," ni ó wí. "Yìnyín kì í gba àlejò. Bó ṣe ń dì ni ó ń ti ṣúgà àti àró sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìwọ ti kọ́kọ́ fa gbogbo èyí tó tì jáde mu."

Mo dúró pẹ̀lú ọ̀rá náà lẹ́nu. Bí yìnyín bá ń ti ṣúgà jáde, kí ni yóò ṣe sí iyọ̀? A gbé abọ́ omi oníyọ̀ sínú fíríìsà, a sì yọ ọ́ nígbà tí kò tí ì dì tán. Màmá Àgbà ṣan yìnyín ojú rẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó ní, "Iyọ̀ rẹ̀ kò tó ti ọbẹ̀ aláìsàn." Omi tó ṣẹ́ kù lábẹ́ rẹ̀ korò débi pé mo tu ú dànù. Mo fi ìṣápá díẹ̀ pa á láró, mo rọra dà á sí ẹ̀gbẹ́ rọ́bà tí omi oníyọ̀ bí ti òwúrọ̀ wà nínú rẹ̀. Ó rì! Nígbà náà ni ó tó yé mi pé méjì ni ọ̀rọ̀ náà. Omi tó bá yọ́ lára pẹpẹ yìnyín kò níyọ̀, ó fúyẹ́, òkè ni ó ń lọ. Ṣùgbọ́n níbi tí òkun ti ń dì, iyọ̀ tí yìnyín kọ̀ a máa kún inú omi tútù tó ṣẹ́ kù, a sì mú un wúwo, èyí ni ó ń sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí mo fi í han olùkọ́ lọ́jọ́ kejì, ó jókòó sórí tábìlì ẹlòmíràn láìmọ̀. Ó ní orúkọ ti lọ sí Ìlọrin, òun kò lè pè é padà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé Màmá yóò lè wá bá wa?"

Màmá Àgbà wá lọ́jọ́bọ̀ pẹ̀lú kúlà lórí, ó ró ìró tó fi ń lọ sí ilé ìjọsìn. Olùkọ́ dọ̀bálẹ̀ fún un níwájú wa. Gbogbo kíláàsì fa sóbò mu, àní àwọn tó pè mí ní ọlọ́bẹ̀, a sì wo bí pupa ṣe ń di funfun nínú ọ̀rá kálukú.

Ọdún kejì rèé. Màmá Àgbà ti lọ ń gbé lọ́dọ̀ àǹtí mi ní Ìlọrin, a ti ta fíríìsà fún àwọn tó ń ra irin, èmi náà sì ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò àṣejáde. Àwòrán mi kò sí lára ògiri títí di òní. Ó dùn mí fún ìgbà pípẹ́, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó báyìí láti kọ àròkọ, kì í ṣe àtẹ́wọ́ ọ̀gá àgbà ni mo ń rántí. Omi pupa tó tẹ́ pẹrẹsẹ tí ó sọ pé rárá fún mi ni, nítorí òun nìkan ni ó kọ́ mi ní nǹkan tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ yẹn, bí Màmá Àgbà ti ń gbé òṣùká rẹ̀ lérí láti máa lọ, ó yíjú sí olùkọ́, ó sì bi í ní ìbéèrè kan. Olùkọ́ mú ṣọ́ọ̀kì, ó ní, "Màmá, n kò mọ̀. Àwọn tó ń wọn omi òkun ọ̀hún pàápàá ṣì ń wá a." Ó kọ ìbéèrè náà sójú pátákó, a sì dà á kọ sínú ìwé wa, a fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀: bí ayé bá ń gbóná, tí yìnyín ń yọ́ ju bó ṣe ń dì lọ, tí omi aláìníyọ̀ sì bo ojú òkun, ta ni yóò máa gbé òtútù lọ sí ìsàlẹ̀?