Òòfà Tí Ìyá Mi Jù Sí Kànga

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó níbí, èmi ni mo dá ọkọ̀ ojú irin dúró ní Ijora. Ọwọ́ òsì ni mo lò. Mo na òòfà kan sí i báyìí, reluwé tó ń ké fàkà-fìkì bọ̀ bá dúró gbọn-in. Dẹ́rẹ́bà sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ." Ẹ má tíì yọ ṣùtì sí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí òòfà ṣe dọ́wọ́ mi.

Ìwé mi ò jìn, ṣùgbọ́n mo ní tíṣà kan tí mi ò lè gbàgbé. Àǹtí ni gbogbo wa ń pè é. Ara pátákó ni àwọn tíṣà yòókù ti ń kọ́ wa ní sáyẹ́ǹsì. Wọ́n á yàwòrán, àwa náà á yà á. Àǹtí ní ohun tí ọwọ́ ò bá kàn, orí kì í pẹ́ gbàgbé ẹ̀. Ó tú òòfà kan lára rédíò tó ti bàjẹ́, ẹyọ kan ṣoṣo tí kíláàsì wa ní nìyẹn. Àwa ọmọ ń gbé e lọ sílé níkọ̀ọ̀kan, ká wo ohun tó máa fà níbẹ̀, ká wá ròyìn lọ́jọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ tó kàn mí gan-an ni àwọn òbí ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ wa lọ́jọ́ Jímọ̀.

Abẹ́rẹ́ àti òwú ni ìyá mi ń tà níwájú ilé. Mo kàn gbé òòfà sún mọ́ ọjà rẹ̀ ni. Ẹ gbà mí o! Abẹ́rẹ́ fò, wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn bí eṣinṣin.

"Yéè! Ta ló fún ẹ lóògùn?"

"Àǹtí wa ni, Màámi."

"Mo ní kó o lọ kọ́ ABD, oògùn ni wọ́n ń kọ́ yín? Kí bàbá onílé tún wá gbọ́ èyí!"

Ó ti pẹ́ tí bàbá onílé ti ń bá ìyá mi yan odì. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló sọnù, ó sì gbà pé ìyá mi ló mú un. Kí n tó lanu, ìyá mi ti gba òòfà, ó di kànga ẹ̀yìnkùlé tí a fi ń fọṣọ. Pólú! Ó ní omi ló ń pa oògùn.

Mo sunkún dé iléèwé, mo ro gbogbo ẹ̀ fún Àǹtí. Mo rò pé Àǹtí á nà mí. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó bi kíláàsì pé, "Ṣé lóòótọ́ ni omi ń pa òòfà?" Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan ní rárá. "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Gbogbo wa wọ́ tẹ̀ lé e dé ilé wa. Àǹtí kúnlẹ̀ bẹ ìyá mi, ó so òòlù káfíńtà mọ́ okùn ìfami, ó ní kí èmi fúnra mi sọ ọ́ sílẹ̀. Mo ń rọra fà á káàkiri ìsàlẹ̀ omi. Kò sí nǹkan kan.

"Mo sọ fún yín," ni ìyá mi wí, "ó ti kú."

Ló bá dún kò! Okùn wúwo lọ́wọ́ mi. Mo fà á sókè: òòfà lẹ̀ mọ́ òòlù gbágbáágbá, nǹkan kan tó ti dípẹtà sì rọ̀ mọ́ òòfà. Kọ́kọ́rọ́ bàbá onílé! Àṣé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ fami ló ti já bọ́ lápò rẹ̀. Bàbá onílé, tí ariwo wa ti pè jáde, gba kọ́kọ́rọ́ náà, ó ń yí i wò. Ìyá mi ní, "Bàbá, ṣé inú kànga ni èmi ń gbé ni?"

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ìyá mi ló kọ́kọ́ dé iléèwé. Òun ló ń ṣàlàyé òòfà fún àwọn òbí tó kù.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin wà níléèwé kan ní Sùúrùlérè báyìí. Òun fúnra rẹ̀ ló so wáyà pọ̀, tó ṣe ẹ̀rọ tó máa ń ké bí omi bá kún táǹkì, ó sì gbégbá orókè láàárín àwọn iléèwé. Nígbà tó ké pí-pí-pí, díẹ̀ ló kù kí n já bọ́ lórí àga! Ìyá rẹ̀ ló ra bátìrì fún un, ó tún ń ya fọ́tò. Kò sẹ́ni tó wá kànga tó máa jù ú sí. Ayé mà ti yí o. Ọmọ náà wá bi mí, "Bàbá àgbà, ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ ṣe níléèwé?"

Kọ́kọ́rọ́ kan péré wá kéré lójú mi. Bí reluwé ṣe wọ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Irọ́ ni, èmi ni mo hun ún. Ti kànga, òótọ́ ni.