Àwòrán Bàbá Mi Pẹ̀lú Àdá Lọ́wọ́

Títí di òní, bí òórùn ìwé ìròyìn tuntun bá kan imú mi, àyà mi á kọ́kọ́ já kí n tó rántí ohun tó fà á. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, kò sí òórùn tí mo fẹ́ràn tó o. Télọ̀ ni mí nígbà náà, mo ń ránṣọ ní Lásùnwọ̀n, ní Ìkòròdú, nínú yàrá kékeré kan tó kọjú sí títì. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó pọ̀ ju ti àwọn obìnrin àdúgbò wa lọ, mo sì rí i dájú pé gbogbo wọn mọ̀. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá ti já ìwé ìròyìn sílẹ̀ láti Èkó, n ó ra tèmi, n ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, n ó sì máa kà á sókè fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Àwọn èèyàn á jókòó yí mi ká, èmi náà á máa ṣe bí ẹni pé èmi ni mo kọ ọ́. Kò sí ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ tí n kò gbà gbọ́. Lójú tèmi, bí ọ̀rọ̀ kò bá jẹ́ òótọ́, ta ni yóò jẹ́ kó dé orí bébà?

Bàbá mi kò mọ̀wé. Àgbẹ̀ ni, ẹ̀gẹ́ àti obì ló ń gbìn, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ohùn rẹ̀ kì í ju ti ẹni tó ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀ lọ. Ìyá mi a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí adìyẹ bá ń jẹ gàrí òun lóòrùn, bàbá mi á kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ kó tó lé e. Sùúrù rẹ̀ yìí gan-an ni àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ rí tí wọ́n fi mú un ṣe agbẹnusọ nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dé.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà dé lójijì. Àwọn àgbẹ̀ kàn dé oko láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n bá èèkàn tí wọ́n gún sáàárín ẹ̀gẹ́. Wọ́n ní ìjọba fẹ́ gba gbogbo ilẹ̀ náà, wọ́n fẹ́ fi gbin rọ́bà. Ẹ̀gẹ́ tí kò tíì ta wà nínú ilẹ̀. Igi obì tí bàbá bàbá mi gbìn ṣì ń so. Àwọn àgbà lọ bá àjẹ́lẹ̀, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè wa, ó ní kí wọ́n lọ kí wọ́n padà wá. Wọ́n padà lọ, àwọn akọ̀wé rẹ̀ ní òyìnbó ti rìnrìn àjò. Nígbà tó sú wọn, wọ́n pinnu pé gbogbo àwọn ni yóò lọ, tọkùnrin tobìnrin, kí wọ́n jókòó síwájú ọ́fíìsì rẹ̀ títí tí yóò fi jáde bá wọn sọ̀rọ̀.

Mo ti ilé ìránṣọ mi, mo tẹ̀ lé wọn. Èmi àti ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin la jọ rìn, òun fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ gbá mi lẹ́yìn pé kí n yéé wọ bàtà gogoro lọ síbi ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Oko ni ọ̀pọ̀ ti ń bọ̀ tààrà, àdá wà léjìká wọn, bí sísọ́ọ̀sì ṣe máa ń wà lọ́wọ́ tèmi. Nígbà tí a dé iwájú ọ́fíìsì, bàbá mi ní kí gbogbo wọn kó àdá jọ sídìí igi máńgòrò tó wà ní òdìkejì títì.

"Ọ̀rọ̀ la wá sọ," ló wí, "a ò wá ṣánko."

Wọ́n kó o síbẹ̀. A jókòó sílẹ̀. Oòrùn mú, àwọn obìnrin pín omi, òyìnbó kò jáde.

Nígbà náà ni akọ̀ròyìn kan dé láti Èkó, ọmọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Ó dọ̀bálẹ̀ kí bàbá mi. Inú mi dùn débi pé mo tún fìlà bàbá mi ṣe lórí rẹ̀. Ọmọ náà ní, "Bàbá, mo fẹ́ ya yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú àdá yín dání, kí àwọn ará Èkó lè rí i pé àgbẹ̀ ni yín." Bàbá mi rò ó díẹ̀, ó rékọjá títì, ó mú àdá rẹ̀ wá. Ọmọ náà fà sẹ́yìn, ó fà sẹ́yìn sí i. "Ẹ gbé e sókè díẹ̀ sí i, Bàbá. Ẹ wá sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí ìjọba gbọ́." Nítorí pé ọ̀nà ti jìn láàárín wọn, bàbá mi gbé ohùn sókè, ohun tí n kò gbọ́ rí láyé mi. Ó pariwo pé, "Ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́!" Kámẹ́rà náà sì ró pàà.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ọkọ̀ ọlọ́pàá dé. Wọn kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú kóńdó, wọ́n sì ń lù wá bí ẹni ń pa ẹ̀wà. A fọ́n ká. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣubú sínú kòtò, apá rẹ̀ ṣẹ́, kò sì lè fi apá náà gún iyán mọ́ títí tó fi kú. Àwọn àdá wà ní ìdí igi máńgòrò níbi tí a kó wọn sí. Àwọn ọlọ́pàá ni wọ́n kó wọn lọ.

Ọjọ́ tí ìwé ìròyìn náà jáde, èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí mo ti sọ fún gbogbo ayé pé bàbá mi yóò wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àwòrán rẹ̀ gba ojú ewé àkọ́kọ́ ju ìdajì lọ: àdá lókè, ẹnu yà sílẹ̀, iṣan ọrùn ta. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkọlé rẹ̀ pẹ̀lú ohùn ìgbéraga mi kí n tó mọ ohun tí mò ń kà. "Àwọn àgbẹ̀ jàǹdùkú ya bo ọ́fíìsì ìjọba ní Ìkòròdú." Lábẹ́ àwòrán, wọ́n kọ ọ́ pé, "Aládàá tó ṣáájú wọn rèé." Mo wá ọ̀rọ̀ ilẹ̀ títí, n kò rí i. N kò rí igi máńgòrò, n kò rí apá tó ṣẹ́. Mo ṣí ewé kejì, mo tún padà sí ti àkọ́kọ́.

"Kà á lọ, Sísì," ni ìyàwó akọ̀wé kan wí, oníbàárà mi tó jókòó sí iwájú.

"Irọ́ ni," ni mo wí. "Mo wà níbẹ̀. Ìdí igi ni wọ́n kó àdá sí."

Ó wò mí bí ẹni ń wo aláìsàn. "Ṣebí ìwọ náà lo máa ń sọ fún wa pé ìwé ìròyìn kì í purọ́?" Ó dìde, ó rọra ká aṣọ rẹ̀ tí n kò tíì rán tán, ó fi sábẹ́ apá, ó lọ. Àwọn tó kù tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó bú mi. Ìbá sàn kí wọ́n bú mi.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ìlú bá jọ gbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, kí la ó máa pe ìyẹn?

Ìdílé kan ní Ẹ̀pẹ́ ti wá tọrọ mi fún ọmọ wọn nígbà náà. Mo rò pé kí ọ̀rọ̀ tó débẹ̀, kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Mo wọ ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí a yà ní Èjìnrìn, àwọn ọlọ́jà tó wọlé ń sọ ọ́ láàárín ara wọn pé àwọn àgbẹ̀ Ìkòròdú gé ọwọ́ akọ̀wé kan. Ẹlòmíràn ní ọwọ́ méjèèjì ni. Mo ní, "Kò sẹ́ni tó gé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Mo wà níbẹ̀. Apá ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ṣẹ́."

Bàbá aláṣọ kan bojú wò mí, kò bínú rárá. "Ọmọ mi, ìwé ìròyìn kọ ọ́, asọ̀rọ̀mágbèsì sọ ọ́. Ṣé gbogbo wọn ló fọ́jú, tó wá jẹ́ pé ìwọ nìkan lo ríran?" Mo yíjú sí ọ̀sà títí a fi gúnlẹ̀.

Ẹja ni ìyá tó yẹ kó di ìyá ọkọ mi ń tà ní etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán, tẹ̀sùbáà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fún mi lómi, ó fún mi lóúnjẹ, ó wá di ọwọ́ mi mú. "O mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ. Mi ò ní bàbá rẹ kì í ṣe èèyàn dáadáa. Ṣùgbọ́n gbogbo etí ọ̀sà ti rí àwòrán yẹn. Bí wọ́n bá bi wá pé ọ̀dọ̀ ta la ti fẹ́ ìyàwó, kí ni kí n wí?"

"Ẹ ní ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ ni, mà."

Omi lé ròrò sí i lójú. Ọmọ rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń tún àwọ̀n ṣe, kò gbé ojú sókè. Nígbà tí mo ń lọ, ìyá náà di ẹja yíyan fún mi pé kí n bá òun kí ìyá mi. Mo gbé e lé itan nínú ọkọ̀ títí mo fi délé. Kò sẹ́ni tó lè jẹ ẹ́.

Bàbá mi ní òun yóò lọ bá àwọn oníwèé ìròyìn fúnra òun. Mo sìn ín lọ sí Èkó. Ọkùnrin tó gbà wá lálejò bọ̀wọ̀ fún un, ó fún un lága, ó ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún wa. Bàbá mi ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń ké ní yàrá kejì, ohùn rẹ̀ kò sì borí rẹ̀. Èmi ni mo ń tún gbogbo rẹ̀ sọ. Ọkùnrin náà ní, "Bàbá, a ò kúkú kọ ọ́ pé ẹ ṣá ẹnikẹ́ni. Àwòrán yín nìkan la gbé jáde." Ó ṣèlérí pé àwọn yóò tún un ṣe. Nígbà tó yá, mo rí i nísàlẹ̀ ojú ewé ẹ̀yìn, lábẹ́ ìpolówó ọṣẹ: wọ́n ní àgbẹ̀ kan ní Ìkòròdú sọ pé òun kò jà. Bàbá mi ní kí n kà á. Mo kà á.

"Ó tán?"

"Ó tán, Bàbá."

Ó mi orí, ó sì lọ bomi sí obì tó fi ewé bò.

Wọ́n gba ilẹ̀ náà. Kò sẹ́ni tó bá wa sọ̀rọ̀. Ta ni yóò gbèjà jàǹdùkú? Bàbá mi lọ ń dáko lórí ilẹ̀ ìbátan kan lápá Ìbẹ́ṣẹ̀. Láti ìgbà náà, kò gbé àdá kọ́ èjìká ní ìgboro mọ́; inú àpò ìdọ̀họ ló ń wé e sí, bí ẹni tó jí i. Bí èèyàn bá sì juwọ́ sí i lókèèrè, orí ló fi ń dáhùn. Apá ọ̀tún rẹ̀ kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ ọkọ mìíràn, èèyàn rere ni, a sì bímọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a ń sin bàbá mi, mo gbọ́ tí àlejò kan rọra ń bi ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Ṣé òun ni bàbá aládàá ọjọ́sí?" Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Mo ti ń retí ọjọ́ kan yẹn láti ìgbà èwe mi.

Bàbá mi kò ya fọ́tò mìíràn láyé rẹ̀. Mo gé ọ̀rọ̀ tó wà lókè àti nísàlẹ̀ àwòrán náà dànù, mo fi gíláàsì bò ó, mo gbé e kọ́ ara ògiri, nítorí ọmọ kì í sọ ojú bàbá rẹ̀ nù. Ní àìpẹ́ yìí, ọmọ-ọmọ mi obìnrin dúró níwájú rẹ̀, ó bi mí pé ta ni wọ́n ń bá jà. Mo fà á mọ́ra. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: èèkàn, igi máńgòrò, ọmọ oníkámẹ́rà, àti ohun tí bàbá mi ń wí lẹ́nu nígbà tí wọ́n yà á. Ó gbọ́ mi dáadáa, ọmọ tó ní làákàyè ni. Ó wá tún gbé ojú sókè wo ògiri.

"Ṣùgbọ́n Màmá àgbà," ló wí, "wọ́n ń bínú."

Èmi náà wò ó. Mo wò ó títí. Mo ń wá "Ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́" lẹ́nu bàbá mi, n kò rí i mọ́.