Ìdọ̀bálẹ̀ Tó Gba Káàkì Lọ́wọ́ Mi

Ṣíọ̀! Títí dòní, bí mo bá rí ọlọ́pàá, òṣé ló kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu mi. Ẹ má dá mi lẹ́bi. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ ṣe iṣẹ́ yẹn. Ayé Òyìnbó la wà nígbà náà. Bí ọlọ́pàá bá ti Abẹ́òkúta wá sí kóòtù wa ní Ọ̀tà, màá tẹ̀ lé e lẹ́yìn, màá máa wo aṣọ káàkì rẹ̀, bẹ́líìtì rẹ̀ tó ń dán àti fìlà pupa tó ní wájawàja. Mi ò tíì mọ̀ pé ohun tó wà lábẹ́ fìlà ọ̀hún kò tó nǹkan.

Télọ̀ ni bàbá mi, nítòsí mọ́sálásí ló ti ń ránṣọ, iṣẹ́ náà ló sì fẹ́ kí n jogún. Ó ní, "Ọlọ́pàá? Àwọn tí ń so bàbá ọlọ́mọ lókùn nítorí owó orí? Kì í ṣe ọmọ tèmi." Mo bẹ̀ ẹ́ títí, mo rán àgbà sí i, ó kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tí akéde polongo pé Òyìnbó ń bọ̀ wá yan ọlọ́pàá níwájú kóòtù, mo ní màá lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà mo dọ̀bálẹ̀ kí bàbá mi, kò dá mi lóhùn. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo lọ náà ni.

Sájẹ́ǹtì kan ló tò wá. Ẹ ẹ̀ rí i! Ikùn rẹ̀ á ti débi tó ń lọ kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Ọmọ Yorùbá bí èmi ni, ṣùgbọ́n imú ló fi ń sọ̀rọ̀. Ó wọn gíga wa, ó wọn àyà wa, bí ẹni ń ra ẹran Iléyá. Ó ní tí Òyìnbó bá dé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mira: "Bí ìjàlọ wọ ṣòkòtò yín, ẹ jẹ́ kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ!" Èmi ni mo ga jù níbẹ̀, ọkàn mi ti balẹ̀.

Òyìnbó dé, ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kù díẹ̀ kó kàn mí ni mo rí bàbá mi. Ó la àárín àwọn òǹwòran kọjá, ó wá dúró níwájú mi gan-an. Gbogbo Ọ̀tà ń wò wá. Ẹ sọ fún mi, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé wo ni yóò rí bàbá rẹ̀ tí yóò dúró ṣánṣán bí òpó? Kí n tó ronú, àyà mi ti kan ilẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀sán, bàámi."

Sájẹ́ǹtì lọgun. Òyìnbó bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Sájẹ́ǹtì yìí mọ ohun tí mo ṣe o! Gbólóhùn kan ṣoṣo ì bá gbà mí sílẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ní aláìgbọràn ni mí. Òyìnbó juwọ́ sí mi pé kí n bọ́ síta, wọ́n sì fi ọmọ kan tí kò ga dé èjìká mi rọ́pò mi. Kò pẹ́ tí afẹ́fẹ́ fi gbé fìlà Òyìnbó lọ. Ẹ wá wo sájẹ́ǹtì bó ṣe ń gbé ikùn sáré nínú eruku! Orí ìkúnlẹ̀ ló ti gbé fìlà náà fún ọ̀gá rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àìgbọràn, àbí? Ẹrú lásánlàsàn!

Èmi àti bàbá mi jọ ń lọ sílé, inú ń bí mi, omijé ń bọ́ lójú mi. A dé ẹ̀yìn mọ́sálásí. Ó wá dúró.

"Kí lo dọ̀bálẹ̀ fún?"

"Ẹ̀yin ni mo kí, bàámi."

"Ta ló ní kí o kí mi? Mo wá wo ọmọ mi níbi tó dúró sí ni." Ó fi etí agbádá nu ojú rẹ̀. "O sì ti dúró dáadáa."