Odò Tí Kò Ní Afárá

Àbúrò mi tó ń gbé lókè òkun ló san owó àgọ́ náà. Ó ní kí èmi àti Màmá lọ sinmi níbi tí àwọn olówó ti ń lọ wo ẹranko, nínú àbàtà tó wà nísàlẹ̀ Agbabu. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ pé ọ̀dà tó wà nílẹ̀ Agbabu máa sọ gbogbo wa di ọlọ́rọ̀. N kò mọ̀ pé ẹ̀fọn ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ di ọjà.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹranko ló gbé mi lọ. Ohun funfun kan ti bo ojú Màmá méjèèjì. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ kékeré ni, àmọ́ tí a bá ń fi falẹ̀, ojú náà lè bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Màmá kọ̀ jálẹ̀. Wòlíì ilé àdúrà wọn ní Odigbo ti sọ fún un pé kó kọ́kọ́ wẹ̀ nínú odò tó ń sàn tí kò ní afárá lórí, tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò gba orí rẹ̀ kọjá. Níbo la ti fẹ́ rí irú odò bẹ́ẹ̀? Láti Odigbo dé Ore, gbogbo odò tí mo mọ̀ ni títì ti gùn lórí. Mo wá a títí tí mo fi ń bínú sí ẹni tó kọ́kọ́ ronú kan afárá láyé. Nígbà tí àbúrò mi wá sọ pé ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń dé àgọ́ náà, mo ní Ọlọ́run tóbi, mo di ẹrù wa.

Ẹ wá wo àgọ́ tí wọ́n ń pariwo. Tapólì ni, irú èyí tí àwọn awakọ̀ fi ń bo ẹrù ní gáréèjì Ore, àmọ́ wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì ńlá sínú rẹ̀, wọ́n sì fi iná aláràbarà kọ́ òkè. Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀, wọ́n na táwẹ̀lì tútù sí wa. Màmá bi mí bóyá ojú òun dọ̀tí ni. Wọ́n tún ti ká táwẹ̀lì mìíràn bíi pẹ́pẹ́yẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Màmá fọwọ́ pa á, ó rí i pé ó ní ọrùn, ló bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà, kò sì dákẹ́ títí ó fi tú pẹ́pẹ́yẹ náà palẹ̀. Àgọ́ fúnra rẹ̀ kò bí i nínú ṣá. Ó ní àwọn ọmọ Ísírẹ́lì náà gbé inú àgọ́, àfi pé àwọn kò sanwó.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá àgọ́ kó wa sínú ọkọ̀, èmi àti Màmá pẹ̀lú tọkọtaya kan láti Èkó tí kámẹ́rà wọn gùn bí ọmọ odó. Ọmọkùnrin tó wọ ṣòkòtò péńpé ni ọ̀gá náà. Ó pín awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn fún gbogbo wa, kò yọ Màmá sílẹ̀.

"Kí lẹ rí, Mà?"

"Kùrukùru."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ó máa tó ká."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí ẹ̀," ni Màmá wí.

Àwọn ọ̀bọ yọ lórí igi. Tọkọtaya yẹn ń mí hẹlẹ, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú wọn. Mo sọ fún Màmá pé ọ̀bọ ni.

"Ọ̀bọ tó ń jẹ kòkó wa? Wọ́n sì ń kẹ́ ẹ?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ wá òkúta nínú ọkọ̀.

Nígbà tí à ń padà, mo bi ọ̀gá náà bóyá Màmá lè wẹ̀ nínú odò. Ó ní rárá o, ọ̀nì wà níbẹ̀. Ó ní báàfù wà nínú àgọ́, omi odò yẹn náà ni wọ́n ń pọn sí i, wọ́n á tún gbé e kaná.

"Ṣé ó ń sàn?" ni Màmá bi í.

"Ó ń sàn, Mà, tẹ́ ẹ bá ti yọ ohun tí a fi dí i nídìí."

Màmá kẹ̀yìn sí i.

Bí ilẹ̀ ṣe ń là, a yọ́ jáde. Odò jìn lọ́dọ̀ wa, àmọ́ lódìkejì, níbi tí wọ́n ti ń jẹun, kò ju orúnkún lọ. Màmá wọ sùtánà funfun rẹ̀ láìwọ bàtà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nílé àdúrà wọn, ó mú kànìnkànìn tuntun dání. Èmi gbé tíréè tí wọ́n fi gbé tíì wá, mo mú ṣíbí ńlá kan, pé tí ọ̀nì bá yọjú, ariwo á lé e. Mo di Màmá lọ́wọ́ mú, a kọjá sí òdìkejì.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan omi kó tó bi mí pé, "Ọma mi, ṣé kò sí afárá kankan lórí ẹ̀?"

Mo bojú wẹ̀yìn. Pákó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kọjá nà láti etí odò kan dé èkejì, wọ́n tilẹ̀ so iná mọ́ ọn lára kí àwọn olówó má baà ṣubú. Àtàná ni mo ti ń rí i, kò wá sí mi lọ́kàn pé afárá ni. Inú bí mi sí pákó, ó bí mi sí wòlíì, ó bí mi sí ara mi. Lẹ́yìn náà ni mo wo ojú Màmá.

"Kò sí, Màmá."

Ó yíjú síbi tí ohùn mi ti wá. "Ó dáa. Máa bá mi wo ọ̀nì."

Ó wọnú omi, ó ń kọrin jẹ́jẹ́, ó ń fi kànìnkànìn para. Kò pẹ́ ni mo gbọ́ tí nǹkan ń ta omi nínú kùrukùru, tí ohùn ọ̀gá àgọ́ sì ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ẹ má mira. Ẹyẹ funfun ńlá kan ni. Irú ẹ̀ ṣọ̀wọ́n." Kámẹ́rà ń ró ṣá ṣá. Àmọ́ títa omi yẹn ti kó mi láyà jẹ, mo ti lu tíréè kíkankíkan kí n tó mọ̀ pé ọkọ̀ ni. Ìyàwó ará Èkó figbe ta. Ọ̀gá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sómi. Ẹyẹ funfun ńlá náà gbójú sókè, ó ní, "Ẹ kúuúrọ̀ o."

Ọ̀gá bínú, ó ka òfin àgọ́ sí wa létí láti òkè délẹ̀. Màmá ju kànìnkànìn sí odò. Ó ní òun ti ṣe tán, ká máa lọ ilé, dókítà ń retí òun.

Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Nígbà tí ojú rẹ̀ là tán, tó ti ń ka ìdọ̀tí ilé mi fún mi lógiri dé ògiri, obìnrin Èkó yẹn fi fọ́tò Màmá nínú odò ránṣẹ́ sórí fóònù mi, pákó yẹn sì hàn gbangba lẹ́yìn rẹ̀. Mo fẹ́ fi pamọ́, àmọ́ Màmá ti gbà á lọ́wọ́ mi. Ó wò ó pẹ́.

"Afárá tí a gbà nìyí."

"Ẹ ti mọ̀?"

"Ojú mi ni kò ríran. Ṣé bàtà wà lẹ́sẹ̀ mi ni? Mo tẹ pákó, mo gbọ́ omi lábẹ́ ẹ̀."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi wẹ̀?"

"Ẹ̀rù abẹ ló ń bà mí, ọma mi. Mo ń wá ìdí tí n kò fi ní lọ. Mo wá gbọ́ bí ohùn ẹ ṣe ń gbọ̀n, mo ní ẹ̀rù tìẹ ti ju tèmi lọ." Ó gbé fóònù sílẹ̀. "Ghá, sún mọ́ mi. Wò mí lójú, kó o tún un sọ. Ṣé afárá wà lórí ẹ̀?"

Mo wo ojú rẹ̀ méjèèjì. Ó mọ́ kedere, mo rí ara mi nínú rẹ̀.

"Kò sí, Màmá."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú tí dókítà ní ká má jẹ́ kí omi kàn, èmi náà sì ń fi etí aṣọ mi nù ún fún un.